Aṣọ Yàrá Kẹrìnlá

Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyá tó bí màmá mi fi fọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó kọjú sí èbúté. Nígbà tó débẹ̀, lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, yàrá kì í ṣófo. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń dáná níbẹ̀, a sì máa yọrí lójú fèrèsé ilé ìdáná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọṣẹ lẹ máa jẹ lọ́sàn-án yìí ni?"

"Ó sàn ju ọbẹ̀ tìẹ lọ!"

Lọ́dún kan, àrùn onígbáméjì bá ọkọ̀ wọ̀lú. Ilé ìwòsàn kún, ìjọba bá gba òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n kó àwọn aláìsàn sí yàrá òkè. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àbúrò yìí ló yarí pé òun ò ní lọ.

"Ta ni kó wá máa se omi tí wọ́n máa mu?"

Bí ìyá àgbà náà ṣe dúró nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àbúrò ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá kẹrìnlá. Nọ́ọ̀sì dínà mọ́ ìyá àgbà lẹ́nu àtẹ̀gùn.

"Ẹ dákun, ọmọ ìyá mi ni."

"Mo mọ̀, àǹtí. Tí ẹ bá gòkè, ẹ ò ní sọ̀kalẹ̀ mọ́."

Aṣọ ibùsùn ló wá ń ròyìn fún un. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kó o sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti kọ nọ́ńbà yàrá sí i létí. Ti ẹni tó ṣì ń mí ló ń dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀. Ti òkú, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń sun ún. Ọjọ́ mẹ́rin ló rí ti yàrá kẹrìnlá. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó tú gbogbo òkìtì aṣọ, ó tún un tú. Ìgbà yẹn ló gbóòórùn èéfín. Ó ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná, torí yàrá yòókù ń retí aṣọ.

Nígbà tí àrùn lọ, wọ́n kun yàrá náà lọ́dà funfun, àwọn àlejò ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Màmá mi bi í léèrè ìdí tí kò fi wáṣẹ́ síbòmíràn.

"Níbo ni kí n lọ? Wọn ò fi sàréè kankan hàn mí."

Wọ́n kọ́ èbúté tuntun sí ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ ò wá mọ́. Iyọ̀ òkun jẹ irin òrùlé, àjà jìn, iṣẹ́ parí. Lọ́jọ́ tí wọ́n wó ilé náà, ìyá àgbà jókòó sétí omi títí yàrá òkè fi wó lulẹ̀. Kò sì gba etí omi kọjá mọ́ títí ó fi kú.