Wáìnì Tí Bàbá Mi Ní Kò Tíì Tó Mu

Kò-Tíì-Tó ni wọ́n ń pe bàbá mi níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì ro ó. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń tọ́ wáìnì wò fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Á bu díẹ̀ sẹ́nu, á fi ṣan ẹnu, á tu ú sí garawa, á wá ní, "Kò tíì tó." Ohun tó sọ náà nìyẹn nígbà tí mo fẹ́ lọ́kọ, àti nígbà tí ìyá mi fẹ́ kun ilé. Inú ti ń bí mi sí i tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ wáìnì yìí tó dé.

Inú oko àjàrà ilé iṣẹ́ yẹn ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, níbi tó ti ń gé kabanẹ́, èso dúdú kéékèèké tí awọ rẹ̀ nípọn, sísọ́ọ̀sì bá a ní àtàǹpàkò. Ó fi àkísà wé e, ó sì ń gé èso lọ títí oko fi tán. Wọ́n po kabanẹ́ ọ̀hún mọ́ àjàrà mìíràn tó rọ̀, wọ́n fi ṣe wáìnì, wọ́n sì fún bàbá mi ní ìgò méjìlá. Ó tẹ́ wọn ní ìbú sí yàrá abẹ́ ilé kí kọ́ọ̀kì tó dí ẹnu wọn má baà gbẹ, ó wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pákó: ọdún mẹ́wàá. Ó ní ìyá mi ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án kó tó dùn dójú ẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ló gé e. Ìfẹ́ ló pè é. Oríkunkun lèmi pè é.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òtútù mú ìyá mi, nígbà tó sì máa lọ, ó mú imú rẹ̀ dání. Ọbẹ̀ tó sè fún mi jóná mọ́ ìkòkò, kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ní imú náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ ni, ahọ́n sì lè tẹ̀ lé e. Ìyá mi ò sunkún. Ohun tó sọ kò ju pé, "Mi ò tíì tọ́ wáìnì mi wò."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bá bàbá mi lábẹ́ ilé, ó ń nu eruku ara ìgò.

"Bàbá, ẹ ṣí ọ̀kan fún wọn."

"Ó ku ọdún mẹ́rin. Á fún wọn lẹ́nu pọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Onísùúrù ló ń fún wàrà kìnìún."

"Tí kìnìún bá ti darúgbó ńkọ́, tí wàrà ti tán lọ́mú ẹ̀?"

"Má sọ̀sọkúsọ sí mi."

"Imú ìyàwó yín ń kú, ẹ̀yin ń ka ọdún!"

Orí mi gbóná débi pé mo fẹ́ fi omi nu ṣọ́ọ̀kì yẹn kúrò lára pákó. Ibi tí a ti ń jà ni ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, ó mú ife tíì dání, ó mú irin tí a fi ń yọ kọ́ọ̀kì. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó fa ìgò kan yọ, ó ṣí i, ó da díẹ̀ sínú ife.

"Jẹ́ kó gba atẹ́gùn díẹ̀ kó rọ̀," ni bàbá mi wí.

Ìyá mi ti gbé e mì. Ojú rẹ̀ rún pọ̀, ó fi ọwọ́ mú ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì le."

"Ó le," ni ìyá mi wí. "Ó di ahọ́n mi mú. Láti oṣù mẹ́ta, kò sóhun tó wọ ẹnu mi tí mo mọ̀ pé ó wọlé bí eléyìí. Bàbá ọmọ mi, líle yìí tí ẹ ń dúró kó lọ, òun ló kù tí mo lè gbọ́."

Ó na ife náà sí bàbá mi.

"Òórùn rẹ̀ ni mi ò gbọ́. Ẹ bá mi sọ ọ́."

Ọkùnrin tó lè fi wákàtí kan ròyìn òórùn wáìnì fún àwọn àlejò ki imú bọ ife tíì, ó la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Inú ṣì ń bí mi sí i. Bàbá mi bu díẹ̀ sẹ́nu, ó fojú wá garawa tó máa tu ú sí, ó sì gbé e mì.