Ta Ni Wọ́n Yẹn?

Fíìmù tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan fi kámẹ́rà ẹyọ kan ṣe nípa àbúrò Màmá Má-kánjú, mo wò ó dé òpin. Ó dáa, àyà mi já lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ wọ́n fi ìbọn sí i, wọ́n sì ń lé ara wọn lórí òrùlé. Ìbọn kankan ò sí. Òrùlé kẹ̀, ẹsẹ̀ àbúrò Màmá ò lè gùn ún. Ohun tó yọ ọkùnrin yẹn kúrò nínú ẹgbẹ́ tó kó sí gan-an, wọn ò fi síbẹ̀ rárá. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mò ń lọ aṣọ, màá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Alágbàfọ̀ ni Màmá. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń bá a ṣiṣẹ́. Kò mọ̀wé, àmọ́ ẹ kó ogójì aṣọ síwájú ẹ̀, á sọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tún sọ èyí tí bọ́tìnnì ẹ̀ ti já kó tó dé. Bí oníbàárà bá ń pariwo, á ní, "Má kánjú, bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ.

Aago ọwọ́ ni àbúrò ẹ̀ ń tún ṣe. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń wo aago lójú fóònù, iṣẹ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyàwó ẹ̀ lọ. Ó kó wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa, òun àti fóònù ẹ̀. Inú fóònù yẹn ni ẹgbẹ́ kan ti rí i, tí wọ́n ń pè é ní Akọni. Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Kò tó oṣù méjì, kò kí aránbàtà tó wà ní òdìkejì títì mọ́. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe ọmọ ibí, àmọ́ òun ló fi awọ kún gìgísẹ̀ bàtà òsì àbúrò Màmá kó má baà máa tiro.

Mo ní, "Ẹ gba fóònù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀."

Màmá ní, "Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì? Kí n sì nà án sí i?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó pè é. "Àbúrò, gbé àga wá. Ka ohun tó wà nínú fóònù yẹn fún mi, mi ò mọ̀wé."

Èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kẹrin ni mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ fún un. Kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Ó kà á bí ẹni ń ka ìròyìn: "Wọ́n ní wọ́n ti gba gbogbo iṣẹ́ wa."

"Dúró. Wọ́n ní wọ́n. Wọ́n àkọ́kọ́ yẹn, ta ni?"

"Àwọn ẹgbẹ́ wa."

"Wọ́n kejì ńkọ́?"

"Àwọn àlejò."

"Èwo nínú wọn ló gba aago lọ́wọ́ ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn."

"Wọ́n kẹta ti dé," ni Màmá wí, ó ń fún aṣọ lọ. "Má kánjú. Máa kà á."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe é, mo ka ọjọ́ náà. Màmá ò bá a jiyàn lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kẹjọ, inú bí àbúrò ẹ̀, ó ní wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Màmá ò gbé àga kúrò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àbúrò ẹ̀ tún jókòó síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, ó ti ń fo ibòmíì.

"O fo ibì kan."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ètè ẹ mì, ohùn ò jáde."

Ọjọ́ kọkàndínlógún bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Ó kà á jẹ́jẹ́: "Lọ́la, aago mẹ́wàá àárọ̀, ká pàdé ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ mú bẹntiróòlù dání."

"Ṣọ́ọ̀bù ta ni?"

Ó dojú fóònù dé orí itan.

"Kà á, àbúrò."

"Ti aránbàtà."

Màmá wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ àbúrò ẹ̀. Èmi, mo jó apá ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan.

Nírọ̀lẹ́, Màmá lọ sọ fún ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, àmọ́ kò sẹ́ni tó wá nínú wọn. Ó sọ fún aránbàtà kó má wá lọ́la. Aránbàtà ní òun ò lè fi bàtà oníbàtà sílẹ̀, òun máa wà nínú ṣọ́ọ̀bù, òun á ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, aago mẹ́sàn-án, yàrá ẹ̀yìn ṣófo. Màmá fi aṣọ sílẹ̀ nínú ọṣẹ láì tíì fọ̀ ọ́ tán. Mi ò rí irú ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́rìnlá. A jáde sí títì. Àbúrò ẹ̀ ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà aránbàtà yẹn, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí ọkùnrin mẹ́fà dé.

"Akọni, dìde ká ṣe é."

"Ta ló ní ká ṣe é?"

"Wọ́n ní..."

"Ta ni wọ́n?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ju òkúta, gíláàsì fèrèsé fọ́, ó gé àbúrò Màmá lójú díẹ̀. Kò dìde. Màmá sọdá títì pẹ̀lú igi tó fi ń ro aṣọ, ó jókòó tì í. Oníbúrẹ́dì tó wà nítòsí jáde wá, èmi náà sọdá. Àwọn mẹ́fà yẹn dúró títí, wọ́n gbé bẹntiróòlù wọn, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ó fúnra ẹ̀ gbé àga wá, báńdéèjì lórí ojú.

"Ka tòní," ni Màmá wí.

"Mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí tòní."

"Ka nǹkan míì."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa páálí ọṣẹ mọ́ra, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀: "Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó kan ojú."

"Ta ni wọ́n yẹn?"

"Ẹ̀yin ni," ló wí. "Ẹ̀yin àti alọṣọ yín."