Abọ́ Funfun àti Búlọ́ọ̀gù Bàbá Mi

Ní Festac nígbà náà, aṣọ ilé-ìwé ọmọ la fi ń mọ ilé tí omi wọn pupa. Bí ṣẹ́ẹ̀tì funfun bá ti rí bí èyí tí wọ́n rẹ sínú tíì, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tó fà á mọ́. Kànga ẹlẹ́rọ tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn ilé ni. Omi á jáde nínú rẹ̀ ní mímọ́ gaara, á tutù, inú onílé á dùn. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, omi àná á ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún.

Bàbá mi mọ ìdí rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ omi fún ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kuje tó wà nítòsí Festac, tí wọ́n ń ṣe asẹ́ omi níbẹ̀: àgbá ńlá tí wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn àti èédú sí nínú, tí omi á gba ibẹ̀ kọjá kó tó wọ ilé. Ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ gbé abọ́ wọn jáde. Abọ́ tánganran funfun ni, etí rẹ̀ ti bó níbi méjì. Wọ́n á bu omi oníbàárà sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e síbi tí ọmọdé ò ti ní dà á nù, wọ́n á ní ó di àárọ̀ ọ̀la. Ohun tí wọ́n bá bá nínú abọ́ yẹn láàárọ̀ ni yóò sọ fún wọn bí iyanrìn ṣe máa pọ̀ tó. Wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò: àdúgbò báyìí, omi báyìí, ó pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ tàbí ó dúró di ọ̀sán.

Àwọn oníbàárà ò ní sùúrù abọ́. Ní Mazamaza, àwọn kan wà tí asẹ́ tiwọn ti wà ní ṣíṣe sílẹ̀, wọ́n á bá ọ gbé e dúró kí o tó mu mínírà kan tán. Kò kàn wọ́n bóyá iyanrìn púpọ̀ ni omi rẹ nílò tàbí díẹ̀. Lọ́dún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tí mo padà sílé wá máa wáṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má yà sọ́dọ̀ bàbá mi. Wọ́n wá sọ fún ìyá mi pé tó bá fi máa di ìparí oṣù kọkànlá tí nǹkan ò yí padà, àwọn máa dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé, àwọn á sì kó lọ sílùú àwọn.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ìlú wa ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti rí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ládùúgbò wa tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n gbé àga síwájú ilé, tí wọ́n wá ń bèèrè aago lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá, bẹ́ẹ̀ wọn ò níbi tí wọ́n ń lọ. Mi ò fẹ́ kí bàbá mi dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè tọ́ omi wò kó sọ àdúgbò tó ti wá fún ọ.

Báyìí ni èmi akọ̀wé ṣe ní mo máa ṣí búlọ́ọ̀gù. Lásìkò yẹn, gbogbo àwa tí à ń lọ sí kafé íńtánẹ́ẹ̀tì ní Fourth Avenue la gbà pé tí iṣẹ́ èèyàn bá ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, oníbàárà á máa wá fúnra rẹ̀. Mo ra wákàtí méjì, mo wá ojú ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ ìlú òyìnbó tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa, mo da ọ̀rọ̀ wọn kọ, mo yọ orúkọ wọn, mo fi ti ṣọ́ọ̀bù wa sí i. Lọ́jọ́ méjì péré, mo ti gbé àpilẹ̀kọ mẹ́wàá síbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ra búrẹ́dì lọ sílé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnì kan ṣoṣo tó fèsì. Ó ní kí n jọ̀ọ́, ibo ní Amuwo wa yìí ni yìnyín ti ń bọ́? Mo lọ wo ohun tí mo gbé síbẹ̀. Àṣé mo ti ń kọ́ àwọn ará Festac bí wọ́n ṣe lè fi aṣọ wé páìpù kí yìnyín tó dé, kí omi inú rẹ̀ má bàa dì. Inú bí mi. Onítọ̀hún ni mo kọ́kọ́ bú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe. Ìgbà tí mo bú u tán ni mo wá jókòó ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kò sí irọ́ nínú wọn. Bàbá mi ni kò sí níbẹ̀. Kò sí abọ́, kò sí omi pupa, kò sí ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ìwé kankan. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, obìnrin aládùúgbò wa kan wá bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò wá fún wọn níṣẹ́; ó kàn fẹ́ mọ ìdí tí álọ́ọ̀mù tó ń dà sómi kó lè tòrò ò fi ràn án lọ́wọ́. Bàbá mi gbé àga fún un, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹrẹ̀ ni álọ́ọ̀mù ń mú lọ sísàlẹ̀, pé tiwa kì í ṣe ẹrẹ̀. Irin ló ti yọ́ mọ́ omi nínú ilẹ̀, ojú ò lè rí i, àfìgbà tí atẹ́gùn bá kàn án tó wá ń pọ́n. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré, ó sì ti sú mi pátápátá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo wo ojú obìnrin náà. Ó la ẹnu sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló ti ń bá omi yẹn jà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ń bá jà ni. Mo fa bírò yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí búlọ́ọ̀gù. Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn ni mo fi kọ ọ́, mo sì fi Yorùbá sí i níbi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti dùn jù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń gbé ọ̀kan síbẹ̀, inú ìwé wọn ni mo ti ń mú un. Ìjà kan ṣoṣo la jà. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé omi tó bá ń rùn bí epo bẹntiróò, asẹ́ àwọn ò lè ṣe é, kí onítọ̀hún má wulẹ̀ wá. Mo ní oníbàárà tí ò tíì dé ni wọ́n ń lé yẹn.

“Kọ ọ́ síbẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó bá mu omi yẹn nítorí tèmi, mi ò ní lè sùn.”

Mo kọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ní ìparí rẹ̀, mo fi gbólóhùn kan sí i tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo èèyàn: ẹ má fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́ tí kò bá tíì gbé omi yín sínú abọ́ funfun di àárọ̀.

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan tó ń gbé lókè òkun, tó ń kọ́lé sí Amuwo, bi mí ní ìbéèrè mẹ́rin. Ẹlòmíì ní òun ti tẹ̀ ẹ́ jáde fún ìyàwó òun. Mo ń sọ fún bàbá mi; wọ́n á ní ó dáa, bí ẹni ń dá ọmọdé lóhùn. Wọn ò wọ kafé rí. Oníbàárà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ni wọ́n mọ̀, kò sì sí ìkankan. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Wọ́n fi ìwé ìròyìn wé abọ́ tánganran náà, wọ́n gbé e sínú páálí. Mi ò lè wò ó.

Ọjọ́bọ̀ ni obìnrin kan dé láti Satellite Town, níbi tó ti ń bá àwọn ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ tọ́jú ọmọ wọn. Ó ní òun ń kọjá lọ lòun rí pátákó wa. Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì, ó ti ká a títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Fọ́tókópì ọ̀kan nínú ohun tí mo kọ ni, ẹni tó ṣe é sì ti gé òkè rẹ̀ kúrò, níbi tí mo kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa sí. Ó ní wọ́n pín in fáwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì òun ni.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ló wí. “Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń mu omi mi. Ẹni tó kọ ìwé yìí ní ká má fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́ tí kò bá tíì gbé omi wa sínú abọ́ funfun di àárọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá mi gbé ọwọ́ sókè sí mi. Wọ́n tọrọ ìwé náà, wọ́n wá awò ojú wọn, wọ́n sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè wọn ń mì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa ka ohun tí àwọn fúnra wọn sọ. Mo ń wò wọ́n, ẹ̀rù àti ayọ̀ dà pọ̀ mọ́ mi lára. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu wọn jáde lórí àga kan ní Kuje ti gba ọwọ́ àwọn tí a ò mọ̀ kọjá, orúkọ wa ti jábọ́ lọ́nà, ó sì tún mọ̀nà padà wá bá wọn. Mo ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì láti yunifásítì, mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe irú èyí. Títí dòní, tí ẹni tó ń ṣe kéèkì tàbí tó ń ránṣọ bá ní kí n bá òun wá ọ̀rọ̀ tó dáa tí òun lè dà kọ sórí búlọ́ọ̀gù, ìdáhùn mi kì í pẹ́: kí lo máa ń sọ fún àwọn tó ń wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ? Ìyẹn ni kó o kọ.

Bàbá mi ká ìwé náà, wọ́n dá a padà fún un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú páálí, wọ́n tú ìwé ìròyìn kúrò lára abọ́, wọ́n fi ẹ̀wù wọn nù ún.

“A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ọ̀la ni mo máa wá bu omi náà.”

Wọn ò sọ fún un pé àwọn ló ni ọ̀rọ̀ inú ìwé náà. Lẹ́yìn tó fi àdírẹ́sì sílẹ̀ tó sì lọ, wọ́n jókòó, abọ́ wà lórí itan wọn. Wọ́n bi mí bóyá gbogbo ohun tí mo ti ń kọ látọjọ́ yìí ló ń rìn báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú wọn ti rin, èmi náà sì wo ibòmíràn. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti páálí náà sábẹ́ tábìlì, wọ́n na ìwé àkọsílẹ̀ omi wọn sí mi.

“Jókòó,” ni wọ́n wí, “mú bírò. A ò tíì sọ ti omi Kuje.”