Ilẹ̀kùn Tó Ṣí Sílẹ̀ Lájà Kẹta

Aago mẹ́jọ àárọ̀, Ìyá Abẹ́rẹ́ á ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Síìpù tó já. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó gùn jù. Bọ́tìnnì aṣọ òtútù. Ọdún méjì ló ti fi ń tún aṣọ àwọn ará ìlú yìí ṣe. Ó mọ ìbàdí wọn, ó mọ èjìká tó ga ju èkejì lọ. Kò mọ ilé ẹnì kankan nínú wọn.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló mú un wá sí ìlú ọlọ́rọ̀ yìí. Ọmọ dáadáa. Ó gba yàrá fún un lájà kẹta. Iná kì í lọ, omi gbígbóná ń yọ lára ògiri. Iṣẹ́ wá gbé ọmọ lọ sí ìlú mìíràn.

"Màámi, kí oṣù yìí tó parí, ẹ sọ fún mi," ló wí lórí fóònù. "Ṣé ẹ máa dúró ni, àbí kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ máa lọ sílé?"

Àga méjì ló wà nídìí tábìlì rẹ̀. Látìgbà tí ọmọ ti lọ, ẹnì kankan ò jókòó sórí èkejì. Ó bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn. Bí ẹnì kan bá jókòó síbẹ̀ kí oṣù tó parí, òun á dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé yá.

Nílé, yàrá mẹ́jọ ló yí àgbàlá kan ká. Ẹ̀rọ omi kan. Tí ilẹ̀kùn rẹ bá ṣì wà ní títì ní aago méje, ẹnì kan á kàn án. "Ìyá Abẹ́rẹ́, ṣé kò sí o?" Wọ́n máa ń yọni lẹ́nu pẹ̀lú. Wọ́n mọ iye ìgbà tí ọkọ rẹ̀ sùn síta. Ọdún tí ọkọ náà kú, balùwẹ̀ ló ń sá lọ kó tó lè dá sunkún. Ìgbà yẹn ló gbàdúrà fún ilé tí ẹnikẹ́ni ò ti ní í dá sí òun.

Àdúrà gbà.

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó se ọbẹ̀. Ìkòkò tó tó ènìyàn mẹ́jọ jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se ti ẹnì kan. Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, bí wọ́n ti ń ṣe nílé láti sọ pé mo wà ńlé, ẹ yà wọlé. Ó jókòó. Ó ń retí.

Ọlọ́pàá méjì ló wọlé.

"Ìyá, kí ni wọ́n jí?"

"Wọn ò jí nǹkan kan."

"Ta ló já ilẹ̀kùn yín?"

"Èmi ni mo ṣí i. Kí èèyàn lè wọlé ni. Ẹ̀yin náà ṣáà ti wọlé. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jẹun."

"A wà lẹ́nu iṣẹ́, Ìyá," èyí tó dàgbà nínú wọn wí. Àmọ́ ojú rẹ̀ pẹ́ lórí ìkòkò.

Nígbà tí wọ́n jáde ló rí ẹni tó pè wọ́n. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Ó dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn, sálúbàtà lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Mo rí ilẹ̀kùn. Mo rò pé nǹkan ti ṣe yín."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wọlé wá wò mí?"

"Wọlé kẹ̀? Ilé onílé?"

Inú kọ́kọ́ bí i. Ó wá wo ẹsẹ̀ lásán yẹn lórí sìmẹ́ńtì tútù. Tíṣà ti sáré jáde nítorí òun, dé ibi tí àṣà ibẹ̀ gbà á láyè mọ.

"Ó dáa. Ẹ wọlé báyìí."

"Lónìí kọ́." Ó ronú. "Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́rin."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Abẹ́rẹ́. Ọbẹ̀ lásán, wọ́n ń dájọ́ rẹ̀ bí ìgbéyàwó. "Mo gbọ́, Tíṣà. Ọjọ́bọ̀."

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ó tún ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Aago mẹ́rin géérégé, Tíṣà dúró níta, ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà.

"Ó wà ní ṣíṣí, Tíṣà."

"Mo rí i." Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Abẹ́rẹ́ dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn tó ti ṣí tẹ́lẹ̀.

Tíṣà jókòó sórí àga kejì bí ẹni tó máa sọ̀kalẹ̀ níbùdókọ̀ tó kàn, aṣọ òtútù lọ́rùn. Ó jẹun tán. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní, "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ náà ńkọ́?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ ka ọjọ́ lórí ìka. Inú oṣù tuntun ló bọ́ sí.

"Ẹ máa bọ̀," ó ní.

Tíṣà fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀, dáadáa, bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ dún ní òdìkejì. Nílé, ní irú àsìkò yìí, wọ́n á ti máa to garawa sídìí ẹ̀rọ omi. Ẹnì kan á ti dárúkọ òun.

Ó dìde, ó tún ṣí ilẹ̀kùn. Díẹ̀. Bí ìbú ìka kan.