Bátìrì Gìtá Tí Mo Lọ Rà ní Bìní

Ojú ọ̀nà ṣì ṣókùnkùn nígbà tí mo gbé gìtá mi kọ́ èjìká, tí mo fi Àyèká sílẹ̀ lọ sí gáréèjì Òkìtìpupa. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àtùpà dání, ó ń kùn. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí kí èèyàn gba ọ̀nà Bìní lọ nítorí bátìrì, nígbà tí bátìrì kún inú ìsọ̀ ní Òkìtìpupa bí iyanrìn. Mo dá a lóhùn pé bátìrì kọ́ ló kún ibẹ̀, ìdọ̀tí tí wọ́n fi páànù wé ni.

N kò purọ́. Iṣẹ́ tísà ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi, èmi ni mò ń ta gìtá ní ìjọ wa. Mo ní àpótí irin kékeré kan tí a máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí a bá ń ta gìtá lọ́wọ́. Àwa olórin ń pè é ní pẹ́dà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá á yí padà, á máa mì bí ohùn ẹni tó fẹ́ sunkún, tàbí kó máa dún padà bí ìgbà tí èèyàn bá kígbe nínú igbó. Bátìrì kékeré onígun mẹ́rin tó ní orí méjì ni ó ń lò. A lè so ó mọ́ iná o, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba nílẹ̀ Ìkálẹ̀ láyé ìgbà náà? Jẹnẹrétọ̀ ìjọ sì ti jó ohun tí mo fi ń so ó mọ́ iná.

Ìsọjí kan tí a ṣe ní Erinje ló bí ìrìn àjò yìí. Mo ra bátìrì tuntun méjì, mo fi ọ̀kan sínú pẹ́dà. A kò tíì kọ orin jìnnà tí ohùn gìtá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ohùn ewúrẹ́ tí òjò pa, ó sì kú pátápátá. Mo fi èkejì sí i, kò tilẹ̀ dún rárá. Nígbà tí mo délé, mo fi ọ̀bẹ la èkejì yìí. Ẹ̀yin ará ilé, amọ̀ ni mo bá nínú rẹ̀! Amọ̀ gbígbẹ, àti páálí tí wọ́n ká há a láyè kó má baà mì. Mo jókòó, mo la ẹnu sílẹ̀. Ìkórè ìjọ wa sì ti sún mọ́lé, àwọn akọrin Òde-Ayé àti ti Erinje sì ń bọ̀ wá bá wa ṣe é. Olórin kan tó ti gbé Bìní rí ló sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ohun èlò orin, tí kì í ta ayédèrú.

Mo gbé gìtá àti pẹ́dà dání kí n lè dán bátìrì náà wò níbẹ̀. Takisí ni mo wọ̀ dé Orẹ̀. Oko ọ̀pẹ wà lọ́tùn-ún lósì, kòtò sì wà láàárín. Ní Orẹ̀, mo bọ́ sínú bọ́ọ̀sì Bìní. Ọdún tí mò ń wí yìí, ìjọba sójà là ń bá yí, ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù sì ti di ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ lẹ́nu. Kò sí ibi tí sójà kò gbé igi dábùú ọ̀nà. Nígbà tí à ń lọ, wọn kò yọ wá lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kan orí gìtá mi, ó bi mí bóyá tẹlifíṣọ̀n ni mò ń lọ. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ Bìní pupa ju tiwa lọ, títì wọn sì fẹ̀. "Kóyo" ni wọ́n fi ń kíni níbẹ̀. Tọmọdé tàgbà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn bẹ́ẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí nílé wa, ọmọ tó bá kí àgbà bó ṣe ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbọ́ ìbáwí. Ebi ti ń pa mí, mo wọ ilé oúnjẹ kan, wọ́n gbé iyán wá pẹ̀lú ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní omoebe. Ó dúdú bí omi aró! Mo kọ́kọ́ wò ó títí kí n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ewé ni wọ́n fi sè é, ó sì dùn, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wá pupuru ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi máa ń rò nínú ọkàn.

Ọ̀gá Osagie ni orúkọ ọlọ́jà náà. Àgbàlagbà ni, ó ti gbé Oǹdó rí, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Mo béèrè bátìrì, ó fa ọ̀kan yọ, ó ní kí n fi ahọ́n kan orí rẹ̀ méjèèjì.

"Ahọ́n kẹ̀, bàbá?"

"Fi kàn án. Tó bá ta ọ́ bí ata, ó wà láàyè. Tó bá dákẹ́ sí ọ lẹ́nu, òkú ni."

Mo fi ahọ́n kàn án, mo sì fò sókè. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọgọ́rin náírà ni ọ̀kan, ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń ta á ní Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra amọ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú? Mo ra méjìlá. Bàbá náà fi téèpù dúdú wé orí gbogbo wọn, ó tún dì wọ́n ní méjì-méjì. Ó ní bí orí wọn bá kan irin nínú báàgì, wọ́n lè gbóná débi tí wọn yóò fi jó aṣọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kó wọn sínú báàgì mi pẹ̀lú pẹ́dà àti wáyà rẹ̀.

Mo rí ọkọ̀ tó ń lọ tààrà sí Òkìtìpupa. Ìyá kan láti Òde-Ayé ló jókòó tì mí. Ìyá Bùsáyọ̀ ni ó ní kí n máa pe òun. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Bìní ló ti ń bọ̀. Bó ṣe gbọ́ tí mo sọ Ìkálẹ̀ sí dẹ́rẹ́bà ni inú rẹ̀ dùn. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí, mo ní ọmọ Ìyá Akin tó ń yan gàrí ní Àyèká ni mí. Ó já bọ̀ọ̀lì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Ọmọ mi báyìí, ọmọ mi báyìí, bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí títí a fi kọjá Òfosù, tí a wọ inú igbó.

Ibẹ̀ ni sójà ti dá wa dúró. Wọn kì í ṣe àwọn tí mo rí láàárọ̀. Ọ̀kan ki orí wọ inú ọkọ̀, ó fa báàgì mi yọ lábẹ́ àga.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, sà."

Ó ṣí i. Ó rí téèpù dúdú, ó rí wáyà, ó rí àpótí irin tó ní nǹkan títẹ̀ lórí. Ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ paramọ́lẹ̀.

"Bọ́ǹbù!"

N kò mọ bí ọkọ̀ náà ṣe ṣófo. Àwọn kan gba ojú fèrèsé jáde. Kí n tó la ẹnu, àyà mi ti wà nílẹ̀, bàtà kan wà ní ẹ̀yìn mi, ẹnu ìbọn sì wà lọ́rùn mi. Ó tutù. Títí di òní, bí mo bá rántí, ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni bí irin náà ṣe tutù tó nínú oòrùn yẹn.

Sájẹ́ǹtì wọn dé, ọkùnrin gíga kan tó ń sọ gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́. Ó bi àwọn èrò pé ta ló mọ̀ mí. Gbogbo wọn ń rọ́ sẹ́yìn. Ó nàka sí Ìyá Bùsáyọ̀.

"Ìwọ tó jókòó tì í ńkọ́?"

Ìyá náà wò mí. Mo rí èérún bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

"N kò mọ̀ ọ́n, sà. N kò rí i rí."

Ìbọn kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ní kí ọkọ̀ máa lọ, dẹ́rẹ́bà kò sì bojú wẹ̀yìn.

Mo ń pariwo pé olórin ni mí, olórin ìjọ. Sájẹ́ǹtì ní kí n dìde, kí n ta gìtá náà kí àwọn gbọ́. Ẹ wo ìyọnu! Gìtá oníná ni. Láìsí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, kò lè dún ju kòkòrò lọ. Mo ta á. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n wo ara wọn.

"Èyí kì í ṣe gìtá," ni sájẹ́ǹtì wí. "Kí ló wà nínú igi yìí?"

Mo rí i pé ikú dé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n mú ọ̀kan nínú bátìrì náà. Mo bó téèpù orí rẹ̀, mo fi ahọ́n kàn án lójú wọn, mo ní ẹ wò ó, bátìrì ni. Ọ̀kan nínú wọn gbà á, òun náà fi ahọ́n kàn án. Ó ta á! Ó ké, ó jù ú nù, ó sì gbá mi létí tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí ìràwọ̀. Gbogbo ìbọn tún kọjú sí mi.

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú bátìrì náà nílẹ̀, ó yí i padà lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wọ inú àgọ́ wọn lọ, ó gbé rédíò kékeré kan jáde. Bátìrì irú rẹ̀ ni rédíò náà ń lò. Èyí tó wà nínú rẹ̀ ti kú. Ó fi tèmi sí i. Rédíò bú sórin, ó dún gbogbo inú igbó. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbá mi létí ló rẹ́rìn-ín jù. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti tọ̀ sára, n kò sì mọ ìgbà tí mo tọ̀ ọ́.

Wọ́n gba mẹ́wàá nínú bátìrì mi fún rédíò wọn, wọ́n ní kí n máa lọ. Agbégilódò kan tó kó gẹdú ló gbé mi dé Orẹ̀. Mo ń rojọ́ bátìrì mẹ́wàá fún dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Bọ̀ọ̀dá," ni ó wí, "ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ bátìrì. Orí yín wà lọ́rùn yín."

Ṣùgbọ́n Ìyá Bùsáyọ̀ ni mò ń bá jà nínú ọkàn ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Gbogbo èébú tí mo mọ̀ ni mo tò sílẹ̀ dè é.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo dé Àyèká. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń gbọ́ ẹkún. Mo rò pé ẹnì kan ti kú ní àdúgbò wa, mo sáré. N kò mọ̀ pé èmi ni òkú náà.

Ìyá mi wà nílẹ̀, àwọn aládùúgbò dì í mú. Nígbà tó rí mi, kò sáré wá. Ó ń fà sẹ́yìn.

"Akin, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, ìyá mi."

Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú mi, ó fọwọ́ kan etí mi tó wú, lẹ́yìn náà ló tó di mọ́ mi. Ẹni tó jókòó tì í, tó fi gèlè sán ìdí, Ìyá Bùsáyọ̀ ni. Kò lè wò mí lójú.

"Ọmọ mi, mo sẹ́ ọ. Mo rí ìbọn, ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló sì wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n n kò lè gba Òde-Ayé lọ. Mo ń wá ilé yín kiri láti ìgbà tí ọkọ̀ ti já wa sílẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ ti fẹnu kò pé a ó padà lọ bá àwọn sójà náà láàárọ̀ ọ̀la, bóyá wọn kò tíì pa ọ́. N ó sọ fún wọn pé mo mọ̀ ọ́."

Gbogbo èébú tí mo tò, n kò rí ọ̀kan mú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ohun tí ọ̀nà Bìní kọ́ mi nìyí: ẹ̀rù lè di èèyàn rere lẹ́nu. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ lẹ́yìn náà ni kí a fi mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ ìkórè, bátìrì Bìní kò já mi kulẹ̀. Ohùn gìtá ròkè, ó ń mì, ó ń dún padà, àwọn akọrin Òde-Ayé ń jó. Ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé gbàgà bí ìró ìbọn, kí n sì tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lábẹ́ àga, tí mo dojú bolẹ̀, tí gìtá ń dún lọ fúnra rẹ̀ lọ́rùn mi.