Ìgò Tí Hamidat Gbé Wọ Kíláàsì

Wọ́n ní Hamidat, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ti ń kọ́ àwọn ọmọ mùsùlùmí bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí. Ọ̀dọ̀ oníṣu kan ní ọjà Ìpàtá ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì gba ìdajì ẹ̀ gbọ́. Ìdajì tí mo gbà gbọ́ ni èyí tó ní ìgò nínú, torí mo mọ ọmọ náà. Oníṣu yẹn ní ó máa ń tọ́ ọ wò fún wọn kí wọ́n tó mu ún. Ìyẹn ni mi ò gbà. Hamidat kì í fi nǹkan sẹ́nu láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ẹ̀, kó yí i síhìn-ín, kó yí i sọ́hùn-ún, títí oúnjẹ á fi tutù.

Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Rahama, ẹ̀gbọ́n mi tó bí i, ń ṣe búrẹ́dì tà ní Ọjà Tuntun. Tí ó bá ti po ìyẹ̀fun tán, Hamidat á jókòó ti abọ́, á máa wò ó bó ṣe ń wú. Ó bi ìyá ẹ̀ pé ta ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. Rahama ní Ọlọ́hun ni. Hamidat ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n kí ló fi ń fẹ́ ẹ? Rahama gbá a létí. Ìgbátí yẹn ò dáhùn ìbéèrè ọ̀hún.

Nígbà tó parí sẹ́kọ́ńdírì, gbogbo ẹbí ti bá a yan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi gan-an ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé mo ti rí ẹni tí yóò máa bá mi wo ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́. Hamidat wọ bọ́ọ̀sì lọ sí yunifásítì ní Malete, ó lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì. A ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, á sú u. Kò sú u. Àwa ló sú.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹbí wa dá sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri agboolé ló gbà á síṣẹ́. Alhaji Zakari, Mágàjí agboolé wa, ni alága ibẹ̀. Òun ló ń gba tíṣà, òun ló ń lé tíṣà, òun náà ló sì kọ́ gbogbo wa ní kéwú. Kò sí yàrá sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ló wà, alángbá kan sì wà nínú ike níbẹ̀ tó ti pẹ́ ju gbogbo tíṣà lọ.

Hamidat gba yíìsì tó ń mú búrẹ́dì wú lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ mú ìgò wá láti ilé. Wọ́n da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, wọ́n fi ṣúgà sí i, wọ́n fi yíìsì sí i, wọ́n fi bàlúùnù dé ẹnu ìgò, wọ́n gbé e sínú oòrùn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, bàlúùnù bẹ̀rẹ̀ sí í wú, láìsí ẹnu ẹnì kankan níbẹ̀. Àwọn ọmọ pariwo débi pé ládáànì sọ̀kalẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Hamidat ní kí wọ́n da gbogbo ẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n Barakah, ọmọ Bilkisu tó ń ta ọkà ní Ìpàtá, gbé tiẹ̀ lọ sílé, ó fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbàgbé ẹ̀. Alfa ni bàbá ẹ̀. Alfa ń ka wírìdì lọ́wọ́ ni bàlúùnù fò kúrò lẹ́nu ìgò, tí gbogbo yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ilé ọtí. Èmi ò mọ bí ilé ọtí ṣe ń rùn. Bilkisu ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bi í bó ṣe mọ̀.

Bí Mágàjí ṣe pe ìpàdé nìyẹn, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní pálọ̀ ẹ̀. Mo gbé jọ́ọ̀gì kunu kan dání, torí Mágàjí kì í fi ọ̀fun gbígbẹ dájọ́. Fíríìjì mi ti di kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí iná ò sí, ṣùgbọ́n kunu ọ̀hún ò bàjẹ́. Ó kàn kan díẹ̀ ni.

"Kunu yìí ń tani lẹ́nu dáadáa," Mágàjí wí, ó ní kí n bu sí i. Bilkisu ti ń mu ife kejì.

Hamidat kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, a sì ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tó ń dúró dè é lẹ́yìn ògiri.

"Hamidat, ìbéèrè kan ni," Mágàjí ní. "Ohun tó wà nínú ìgò yẹn, ṣé ọtí ni, àbí kì í ṣe ọtí? Tó bá jẹ́ ọtí ni, o ò kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì mọ́, wàá lọ máa kọ́ wọn ní aṣọ rírán. Tí kì í bá ṣe ọtí, sọ bẹ́ẹ̀, ká túká."

Ó ti ṣílẹ̀kùn àbáyọ sílẹ̀ fún un gbayawu. Mo wúkọ́. Mo mi orí fún un pé kó ní kì í ṣe ọtí. Gbólóhùn kan péré ló kù tí á fi máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

"Ẹ foríjì mí, Bàbá," Hamidat ní. "Ọtí díẹ̀ wà nínú ẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀!" Bilkisu fò dìde. "Astagfirullah! Ó ti jẹ́wọ́!"

"Jókòó, Bilkisu. Hamidat, díẹ̀ bíi ti kí ni?"

"Bíi ti kunu tó wà lọ́wọ́ yín, Bàbá."

Mágàjí wo inú ife ẹ̀ bí ẹni pé èèyàn wà níbẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Ìyá Naeem," ó pè mí.

"Bàbá."

"Ìgbà wo lo ṣe kunu yìí?"

"Kò tíì pẹ́, Bàbá."

"Ìyá Naeem."

"Ìjẹta ni. Ṣùgbọ́n iná ni ò sí."

"Kunu bàbá wa ni o!" Bilkisu pariwo mọ́ Hamidat. "Kunu tí a fi ń ṣínu ààwẹ̀! Ṣé ọ̀mùtí lo wá ń pe àwa náà báyìí?"

"Rárá, mà. Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀mùtí. Ohun tó ń mú búrẹ́dì wú ló ń ta yín lẹ́nu yẹn. Tí ẹ bá ṣe é lónìí, oúnjẹ ni. Tó bá wá pẹ́ jù, ẹ dà á nù. Ohun tí mo fẹ́ kí Barakah mọ̀ nìyẹn, ìgbà tó yẹ kó dà á nù."

Bilkisu na ife ẹ̀ sí mi bí ẹni pé èmi ni mo fi tipátipá dà á sí i lẹ́nu. Ó ti mu ún tán.

Mágàjí nu irùngbọ̀n. "Ó dáa. Máa kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì ẹ lọ, ṣùgbọ́n orí pátákó ni. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàlúùnù wú, kí wọ́n dà á kọ. Ẹni tó bá tún gbé ìgò wọ kíláàsì yẹn, kó gbà pé òun ti fiṣẹ́ sílẹ̀."

Mo ṣe alhamdulillah lábẹ́nú. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti tán.

"Bàbá," Hamidat ní, "nígbà tí ẹ ń kọ́ wa ní àlùwàlá, ṣé orí pátákó lẹ ti kọ́ wa ni?"

"Kí ló da àlùwàlá pọ̀ mọ́..."

"Ṣebí omi lẹ bù sí bútà, tí ẹ ní ká wẹ ọwọ́ lójú yín. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí mo gbàgbé ìgúnpá, ẹ ní kí n tún un ṣe."

"Omi nìyẹn!" Bilkisu dá sí i. "Omi kì í pani!"

"Bilkisu, ẹnu mi ni mo fi ń sọ̀rọ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán," Mágàjí ní.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó máa wí pé kunu..."

"Ta ló dárúkọ kunu? Ìyá Naeem, gbé kunu yìí kúrò níwájú mi!"

Mo nawọ́ sí jọ́ọ̀gì, ṣùgbọ́n Hamidat ti dìde, ó ti gbé e.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kù lọ. Màá fi bàlúùnù dé e fún wọn."

"Inú kí lo máa dà á sí?" Mo ti bi í kí n tó ronú.

"Ìgò kan wà nínú báàgì mi."

"Hamidat, mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ mi," Mágàjí ní. "Mo ní tó o bá gbé ìgò..."

Hamidat kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá." Ó jáde tòun ti jọ́ọ̀gì mi. Orí "tó o bá gbé ìgò" ni Mágàjí ṣì wà nígbà tí àwọn ọmọ pariwo lẹ́yìn ògiri pé, "Tíṣà ti dé!"