Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Fẹ̀sùn Olè Kan Awakọ̀ Rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mọ́tò kò pọ̀ ní Titirou, àdúgbò wa ní Parakou, bí ẹ ti ń rí i lónìí yìí. Bí ọ̀kan bá ń wọ àdúgbò bọ̀, àwa ọmọdé ti máa ń mọ ti ẹni tó jẹ́ láti inú ìró rẹ̀ kí a tó rí i. Ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò díẹ̀ yẹn jẹ́ ti ìyá mi. Báṣé ni, irú èyí tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣu ni ìyá mi ń tà. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ó máa ń lọ sí àwọn abúlé Bàrìbá lọ kó iṣu, á sì ti padà dé kí oòrùn tó mú.

Kò mọ ọkọ̀ wà. Ọ̀dọ́kùnrin ẹ̀yà Dendi kan tó ń gbé àdúgbò Albarika ló ń wà á fún un. Ó gbọ́ èdè wa débi pé òwe ló fi ń bá ìyá mi ṣàwàdà. Ẹ̀gbọ́n ni àwa ọmọ ń pè é, a kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú kankan nípa rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi ní kó gbé mọ́tò lọ sí garaji atọ́kọ̀ṣe kan ní Banikanni fún ìtọ́jú tí wọ́n máa ń ṣe fún un lóòrèkóòrè. Wọ́n ṣe fidánjì, ìyẹn ni pé wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ nù, wọ́n rọ tuntun. Wọ́n fọ àwọn bují tó ń ṣáná sí epo. Wọ́n sì gbọn eruku kúrò nínú asẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, torí ẹ̀yin náà mọ eruku Parakou nígbà ọyẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n gbé e padà dé, ó ní iṣẹ́ ti parí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Èmi náà wà nínú ọkọ̀, torí ilé-ìwé wà ní ìsinmi. Bí a bá ń sáré, kò sí ohun tó ṣe mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bá ti dẹ ẹsẹ̀ láti dúró, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, á sì kú. Kí ẹ́ńjìnnì máa mí jẹ́jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ kò rìn, ralantí ni àwọn atọ́kọ̀ṣe wa ń pè é, ralantí yẹn sì ni mọ́tò wa kò ní mọ́. Ó kú ní oríta. Ó kú níwájú ọjà, àwọn èèyàn sì tì wá. A kò dé abúlé lọ́jọ́ náà. Iṣu tí àwọn àgbẹ̀ ti wú sílẹ̀ de ìyá mi, ẹlòmíràn ló kó o.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà ọkọ̀. Ó wá kí ìyá mi, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì mi orí.

"Ìyá, wọ́n ti pààrọ̀ kábúrétọ̀ yín. Ṣebí tuntun lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀? Awakọ̀ yín àti atọ́kọ̀ṣe ti tà á, wọ́n fi àlòkù rọ́pò rẹ̀."

Òótọ́ ni pé ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kábúrétọ̀ tuntun, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ náà gún un. Kò dúró rò ó wò. Ó jáde sí àárín agboolé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń gún iṣu, ó ké pe ẹ̀gbọ́n.

"Kábúrétọ̀ mi dà? Mo fi ọ́ ṣe ọmọ, ìwọ ń jà mí lólè!"

Gbogbo odó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, mi ò jalè. Kí gbogbo ẹni tó gbọ́ ẹ̀sùn yìí má lọ o. Ẹ ránṣẹ́ pe atọ́kọ̀ṣe."

Atọ́kọ̀ṣe dé lórí alùpùpù rẹ̀. Àgbàlagbà ni. Ẹ̀gbọ́n kò bá a jà.

"Ọ̀gá, títí di àárọ̀ àná, mọ́tò yìí ń dúró dáadáa. Lẹ́yìn tí ọwọ́ kàn án ló yí padà. Ẹ ka gbogbo ohun tí ọwọ́ yín kàn fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ dá sí i. Ó ní kí wọ́n kàn yí fíìsì, ìṣó kékeré tí wọ́n fi ń gbé ralantí sókè, ó tán. Ẹ̀gbọ́n kọ̀.

"Bí a bá yí i, kò ní kú mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn rẹ̀ á ṣì wà lára rẹ̀. Ohun tó ń ṣe é gan-an ni mo fẹ́ mọ̀."

Wọ́n wo ìdérí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì: ó dé dáadáa. Wọ́n tẹ wáyà orí bují kọ̀ọ̀kan: ó wọlé. Ó wá ku asẹ́ atẹ́gùn. Ẹ̀gbọ́n ní kí atọ́kọ̀ṣe ṣáná sí mọ́tò, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa kú. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ tẹ́tí sí i. Nígbà náà ni gbogbo wa gbọ́ ọ: ṣììììì, bí ejò tó wà lábẹ́ ẹní, láti ẹ̀yìn àpótí asẹ́. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, atọ́kọ̀ṣe tú àpótí náà, ó gbé e kúrò.

Ohun méjì la rí lẹ́ẹ̀kan náà. Rọ́bà kan tí kò tóbi ju ìka ọmọdé lọ ti yọ kúrò lẹ́nu ihò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń dá àpótí padà lánàá ló dẹ̀, tí kò sẹ́ni tó rí i, àárọ̀ ọjọ́ náà ló wá yọ pátápátá, ibẹ̀ sì ni atẹ́gùn tí a kò pè ń gbà wọlé. Ìkejì ni kábúrétọ̀ fúnra rẹ̀. Tuntun náà ni. Ọ̀dà pupa tí ẹni tó tà á fi sàmì sí i lára ṣì ń dán níbẹ̀.

Atọ́kọ̀ṣe ki rọ́bà bọ ihò rẹ̀, ó fi wáyà dì í. Mọ́tò dúró, ó ń ráhùn jẹ́jẹ́ bí ológbò tó yó. Nígbà tí a ó fi wẹ̀yìn, ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ti lọ.

Ìyá mi, tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn àwọn àgbà rẹ̀, kúnlẹ̀ sójú ibi tó ti pariwo.

"Níwájú gbogbo ayé ni mo ti sọ ọ́, níwájú gbogbo ayé ni mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Dárí jì mí."

Ẹ̀gbọ́n sáré gbé e dìde. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?" Ṣùgbọ́n ó na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí i. "Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ sílé ná."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mọ́tò fi dúró lójú kan. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá mi mú mi dání, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí Albarika. Ó bẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ó bẹ ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó. Ìyá àgbà náà kò gbọ́ Yorùbá, ó kàn di ọwọ́ ìyá mi mú, kò sì tètè fi sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a bá ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé wa tó ń fọ mọ́tò. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: "Láti òní lọ, bí mọ́tò bá ń lọ sí garaji, a ó jọ lọ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe di ẹni tó ń jókòó sí garaji, tó ń wo ohun tí wọ́n tú àti ohun tí wọ́n dè. Kí ọdún tó yí po, ó ti lè yọ bují fúnra rẹ̀, èmi ọmọbìnrin náà sì lè yọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n tún fi wa ọkọ̀ fún un.

Ayé ti yí padà. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé láti ibi ìtọ́jú, ralantí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá, ó ki ẹ̀rọ kékeré kan sí i, ó ka ohun tó hàn lójú fóònù rẹ̀. Ó ní wọ́n ti tú bátìrì, ọkọ̀ ti gbàgbé bó ṣe ń dúró, kí a fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún un kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Mo rẹ́rìn-ín títí: ọkọ̀ tó ń gbàgbé! N kò ní purọ́ fún yín, tiyín yìí dára, ó sì yá.

Ibòmíràn ni ohun tó ń kọ mí lóminú wà. Láyé ìgbà tiwa, ojúkojú lèèyàn fi ń fẹ̀sùn kan ẹni. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, inú fóònù lẹ ti ń pe ara yín lólè, lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí ẹ ò mọ̀ rí. Bí òótọ́ bá wá yọ lọ́la, níbo lẹ ó kúnlẹ̀ sí?